Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀rí Ẹni Tí Ó Fojú Ara Rẹ̀ Rí



Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá ní alẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn agbẹjọ́rò nìkan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé Mowe, tàbí Ibafo, tàbí Ifo, lè jí ní ọjọ́ kan kí a pè é sí ilé ẹjọ́ láti wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó sì lè jí ní ọjọ́ mìíràn kí ẹnìkan na ìka sí òun fúnra rẹ̀ pé, "Ọkùnrin náà nìyí." Bí ó ti wù kí ó rí, ẹ̀mí ènìyàn lè wà lórí ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a wádìí bí àwọn baba wa, àti àwọn tí ó tẹ̀lé wọn, ti ń lo ẹ̀rí ojú láti dá ẹjọ́ ọ̀ràn, ibi tí ó ti gbè wọ́n, àti ibi tí ó ti já wọn kulẹ̀.

Àwọn àgbà ni wọ́n wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Gbogbo wa ni a dàgbà sínú òwe yìí. Bí ẹni méjì bá ń jiyàn, tí ọ̀kan sì wí pé, "Ó ṣojú mi," iyàn parí. A kò wá síhìn-ín láti bá òwe náà jà, nítorí òtítọ́ ni: ẹni tí ó wà níbẹ̀ sàn ju ẹni tí a sọ fún lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó pa òwe náà kò sọ pé àfojúbà kì í ṣì. Bí a bá sì fẹ́ mọ irú ojú tí wọ́n ní lọ́kàn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí irú ibi tí wọ́n ń gbé.

Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, oko àti abúlé kéékèèké ni ilẹ̀ tí Ifo wà lónìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ sì ni ilẹ̀ Mowe àti Ibafo. Ẹni tí ó ń kọjá lọ lójú ọ̀nà oko kì í ṣe àjèjì. Ọmọ Lágbájá ni, tàbí àna Tàmẹ̀dù. Wọ́n mọ ìrìn rẹ̀ láti òkèèrè. Wọ́n mọ ikọ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn. Wọ́n mọ ilà tí a kọ sí ojú rẹ̀ àti ẹni tí ó kọ ọ́. Nígbà tí àgbẹ̀ kan bá dìde níwájú baálẹ̀ tí ó wí pé, "Mo rí Àjàní nínú oko mi," kì í ṣe ojú tí ó rí lẹ́ẹ̀kan ni ó ń sọ. Ẹni tí ó ti ń rí láti ogún ọdún ni. A kò sọ pé wọn kì í ṣì í mọ̀ rárá. Ìran tí ó ń bí ìbejì tó tiwa kò lè ṣàìmọ̀ pé a lè na Táyé nítorí ohun tí Kẹ́hìndé ṣe.

Ohun tí àwọn àgbà wọ̀nyí bẹ̀rù jù lọ ni irọ́, ìbúra ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí. Wọn a gbé irin Ògún kalẹ̀ kí ó fi ẹnu kàn án. Ní ibòmíràn, wọn a fún ẹni tí a fura sí ní omi èèpo igi ọbọ̀ mu, kí èébì dá a láre tàbí kí ikú dá a lẹ́bi. Òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa sì ti ka irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ìbúra kò tíì kúrò nílé ẹjọ́. Bíbélì ni Kristẹni ń gbé sókè, Kùránì ni Mùsùlùmí ń gbé, ẹni tí ó ń sin òrìṣà sì lè fi irin búra.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí ìbúra ń ṣe. Ọ̀nà irọ́ ni ó ń dí. Kò lè dí ọ̀nà àṣìṣe. Ẹni tí ó gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé ohun tí ojú òun rí ni òun ń sọ yóò fi ẹnu kan irin láìbẹ̀rù, yóò gbé Bíbélì sókè láìwárìrì, síbẹ̀ ó lè rán aláìṣẹ̀ lọ sí okùn. Àwa tí a kọ́ láti kékeré pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹ̀rí èké, ó ṣòro fún wa láti gbà pé ẹ̀rí èké kan wà tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú. Òun gan-an ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ìlú wa ti yí padà sí irú ibi tí ó ti ń pọ̀ sí i.

Ọkọ̀ ojú irin ni ó bẹ̀rẹ̀ ìyípadà náà. Ọ̀nà irin tí ó ti Èkó wá gba Ifo kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, a sì ṣí i títí dé Ìbàdàn ní 1901. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀ka kan tún yà láti Ifo lọ sí Ìlaròó, Ifo sì di oríta. Àwọn oníṣòwò, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, àwọn alárù, àti àwọn tí ẹnìkan kò mọ ibi tí wọ́n ti wá, bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Kò sì pẹ́ tí òfin fi ní láti tẹ̀lé wọn. Ní 1904, ìjọba Ẹ̀gbá, tí ó ṣì ń ṣàkóso ara rẹ̀ nígbà náà, bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn pé kí ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn àti ẹjọ́ tí ó kan àwọn tí kì í ṣe ọmọ Ẹ̀gbá. Ní 1914 ni òmìnira náà dópin. Òfin ẹ̀rí tí Gẹ̀ẹ́sì kọ fún Nàìjíríà jáde ní 1943, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1945. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni a ṣì ń bá nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 tí ilé ẹjọ́ wa ń lò nísinsìnyí.

Ní ti Ibafo àti Mowe, ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1978, ni ó sọ wọ́n di ohun tí wọ́n dà lónìí. Ilé ń wọ́n l'Ékòó, ilẹ̀ sì wà níhìn-ín. Nínú ilé kan ṣoṣo ní Mowe, ẹ lè bá ará Ọ̀yọ́, ará Òwerri, ará Benue àti ará Bàdágírì pọ̀. Wọn a jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn a sì wọlé lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú. Ẹlòmíràn wà tí kò mọ̀ ju "Ẹ káàárọ̀" lọ nípa ẹni tí ó ń gbé yàrá tí ó kọjú sí tirẹ̀. A kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni, nítorí bí ayé ti rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ará ilé yìí bá dúró nílé ẹjọ́ tí ó wí pé, "Mo rí i," ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà mọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ tí ó rí Àjàní. Ojú àjèjì ni ó rí, bóyá lábẹ́ iná ọkọ̀ tí ń sáré, bóyá ní ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè mí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, nígbà tí ẹnu ìbọn wà ní igbá àyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹnu ń sọ. Ojú tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ohun kékeré ni ó rọ̀ mọ́ ìyàtọ̀ yìí. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, nígbà tí ìdigunjalè gbilẹ̀, ìjọba ológun gbé òfin kan jáde ní 1970 tí ó sọ ọ̀ràn náà di ọ̀ràn ikú. Ní 1971, a bẹ̀rẹ̀ sí so àwọn tí a dá lẹ́bi mọ́ òpó ní etí òkun Bar Beach ní Èkó, a sì ń yìnbọn pa wọ́n lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lábẹ́ òfin ti 1984, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ àkànṣe ni ó ń gbọ́ ẹjọ́ wọn, ẹni tí ó bá sì jẹ̀bi kò lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kankan. Ní 1999 ni àwọn ìgbìmọ̀ náà dópin tí ẹjọ́ padà sí ilé ẹjọ́ gíga. Ẹ ronú sí i: ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹni tí ojú àjèjì ti dá mọ̀ ní òru kò ní ẹlòmíràn tí yóò tún ẹjọ́ rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Ikú sì ni ìjìyà ìdigunjalè nínú ìwé òfin títí di ìsinsìnyí.

Kí a tó sọ ohun tí àwọn adájọ́ wa ti ṣe sí i, ó yẹ kí a lọ sí ìlú àwọn tí wọ́n kọ òfin náà fún wa, kí a wo ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí ó kó ìtìjú bá àwọn gan-an.

Ní 1877, ọkùnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní John Smith ń lu àwọn obìnrin ní jìbìtì ní Lọ́ńdọ̀nù. Yóò ṣe bí ọlọ́lá, yóò ṣèlérí iṣẹ́ ìtọ́jú ilé fún obìnrin, yóò fún un ní ìwé owó tí kò ní owó nídìí ní báǹkì kí ó fi ra aṣọ, yóò sì gba òrùka rẹ̀ pé òun fẹ́ fi wọn ìwọ̀n èyí tí ó dára jù tí òun yóò rà fún un. A mú un, a sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí ó di ìparí 1895, irú jìbìtì yìí tún ti gbòde. Obìnrin kan tí ó ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀daràn náà ń rìn lọ ní òpópónà Victoria. Ó rí ọkùnrin kan, ó sì kọjú sí i pé òun ni ó gba ẹrù òun. Adolf Beck ni orúkọ ọkùnrin náà, ará Norway. Beck fúnra rẹ̀ ni ó lọ bá ọlọ́pàá láti fi ẹjọ́ obìnrin náà sùn, ṣùgbọ́n òun ni a padà fi sí àtìmọ́lé.

A kó àwọn obìnrin mìíràn tí ó ti pàdánù ohun ìní wọn wá, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, wọ́n sì ń tọ́ka sí Beck. Ọlọ́pàá tí ó mú Smith ní 1877 búra pé Beck ni Smith, pé òun kò lè ṣì í mọ̀. Beck ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní òun wà ní Peru ní Gúúsù Amẹ́ríkà ní ọdún náà. Adájọ́ kò gbà kí a wọ inú ọ̀rọ̀ ti 1877 rárá. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù nìyí: adájọ́ náà, Forrest Fulton, òun gan-an ni agbẹjọ́rò ìjọba tí ó rojọ́ mọ́ Smith ní 1877. Ojú rẹ̀ ti wo Smith nínú àpótí ẹlẹ́jọ́. Nísinsìnyí Beck dúró níwájú rẹ̀, kò sì sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ó sọ fún un pé ẹlòmíràn ni èyí. Ọdún méje ni a jù ú sí ní 1896.

Ní 1898, a rí i nínú ìwé ọgbà ẹ̀wọ̀n pé Smith jẹ́ ẹni tí a kọ ní ilà abẹ́. A wo Beck. A kò kọ ọ́ ní ilà. Ẹ̀yin yóò rò pé wọ́n tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nọ́ńbà ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ sínú ẹ̀wọ̀n. Ó jáde ní 1901. Ní 1904, a tún mú un fún irú ọ̀ràn kan náà, àwọn obìnrin mìíràn tún tọ́ka sí i, a sì tún dá a lẹ́bi. Orí kó o yọ ní ti pé ọkàn adájọ́ kejì kò balẹ̀, ó sì sún ọjọ́ ìdájọ́ síwájú. Bí Beck ti wà nínú àtìmọ́lé, jìbìtì náà tún ṣẹlẹ̀ ní ìta. A mú ẹni tí ó ṣe é, òun sì ni Smith ti àtijọ́. A dárí ji Beck, bí ẹni pé ó ṣẹ̀, a sì fún un ní £5,000. Ariwo tí ọ̀rọ̀ náà dá sílẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n dá ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún ẹjọ́ ọ̀daràn sílẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 1907.

Àwọn obìnrin tí ó tọ́ka sí Beck nínú ẹjọ́ méjèèjì lé ní mẹ́wàá. Wọn kò gbìmọ̀ pọ̀ láti purọ́. Wọ́n ti jókòó pẹ̀lú ọ̀daràn náà, wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán gangan nínú ilé wọn, ìyà tí wọ́n jẹ sì jẹ́ òtítọ́. Ojú wọn ni ó ṣì.

Báwo ni èyí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin kan ní Berlin, Franz von Liszt, dán àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò. Bí ó ti ń kọ́ wọn lọ́wọ́, méjì nínú wọn bẹ̀rẹ̀ ìjà, ọ̀kan fa ìbọn yọ, ìbọn ró. Ìmúra ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn yòókù kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, ẹni tí ó ṣe dáadáa jù lọ ṣì nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹni tí ó burú jù ṣì ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Àwọn mìíràn kọ ọ̀rọ̀ sí ẹnu ẹni tí kò la ẹnu rárá. Ìrántí kò dà bí àpótí tí a ń tọ́jú aṣọ sí, tí a óò ṣí ní ọdún tí ń bọ̀ kí a bá aṣọ náà bí a ti fi í síbẹ̀. Bí ọbẹ̀ tí à ń gbóná ni: ní gbogbo ìgbà tí a bá gbé e kaná, nǹkan a yọ, nǹkan a sì wọ̀ ọ́. Ìbéèrè ọlọ́pàá ń wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ aládùúgbò ń wọ̀ ọ́. Àwòrán inú ìwé ìròyìn ń wọ̀ ọ́ jù.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1984 fi èyí hàn ju ìdánwò ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Ní ìlú Burlington ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ọkùnrin kan fọ́ ilé wọlé ní òru bá Jennifer Thompson, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 22, ó sì fi agbára bá a lò pọ̀. Obìnrin yìí pinnu nínú ìyà náà pé òun yóò kọ́ ojú ọkùnrin náà sórí, kí òun lè mú un bí òun bá yè. Ó mú àwòrán Ronald Cotton jáde láàárín àwọn àwòrán tí ọlọ́pàá gbé fún un. Lẹ́yìn náà, nígbà tí a to àwọn ọkùnrin sórí ìlà, ó tún mú Cotton, ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ̀ láti inú àwòrán. Bí ọjọ́ ti ń lọ ni ìdánilójú rẹ̀ ń le sí i. A sọ Cotton sẹ́wọ̀n. Ní 1987, nígbà tí a tún ẹjọ́ náà gbọ́, a mú ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bobby Poole wá síwájú obìnrin náà. Ó wò ó, ó sì wí pé òun kò rí i rí. Ní 1995, àyẹ̀wò tí a ń pè ní DNA fi hàn pé Poole ni ó ṣe é. Cotton ti lo ọdún mẹ́wàá àti ààbọ̀. Òun àti obìnrin náà di ọ̀rẹ́ lẹ́yìn ọ̀rẹyìn, wọ́n sì jùmọ̀ kọ ìwé tí ó jáde ní 2009. Nínú 250 ènìyàn àkọ́kọ́ tí irú àyẹ̀wò yìí yọ nínú ẹ̀bi ní Amẹ́ríkà, 190 ni ẹ̀rí ojú tí ó ṣì wà nínú ẹjọ́ wọn.

Nísinsìnyí, a lè padà sílé. Ní 1976, ọdún tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ gan-an, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìlú Ọba dá ẹjọ́ Turnbull. Ó wí pé bí ẹjọ́ bá rọ̀ mọ́ ojú ẹlẹ́rìí nìkan, a kò gbọdọ̀ bi í bí ó ti dá a lójú tó kí a sì dákẹ́. Ó yẹ kí a bi í bí ó ti pẹ́ tó tí ó fi wo ẹni náà, bí ó ti jìnnà sí i tó, irú ìmọ́lẹ̀ tí ó wà, bóyá nǹkan dí i lójú, bóyá ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ọjọ́ mélòó ni ó kọjá kí ó tó tọ́ka sí i, àti bóyá ohun tí ó kọ́kọ́ sọ fún ọlọ́pàá bá ẹni tí ó dúró níhìn-ín mu. Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà gba ọ̀nà yìí wọlé nínú ẹjọ́ Abudu ní 1985. Nínú ẹjọ́ Ikemson ní 1989, ó ṣe àlàyé ìgbà tí títo ènìyàn sórí ìlà fi pọn dandan: bí ẹlẹ́rìí kò bá mọ ọ̀daràn náà rí kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ìgbà díẹ̀ ni ó fi rí i, tàbí bí àkókò àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ kò bá jẹ́ kí ó lè wò ó dáadáa. Ẹ fi èyí wé òru kan lójú ọ̀nà márosẹ̀ ní Ibafo, ẹ ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé nítorí wa ni wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ìlànà kejì tún wà, ti ẹni tí ó bá sọ pé òun mọ ọ̀daràn náà. Nínú ẹjọ́ Bozin, ní 1985 kan náà, ilé ẹjọ́ wí pé bí ẹlẹ́rìí bá mọ ẹni tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n tí kò dárúkọ rẹ̀ ní àkókò àkọ́kọ́ tí ó lè dárúkọ rẹ̀, kí adájọ́ ṣọ́ra gidigidi kí ó tó gba orúkọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá. Àwọn kan ń kùn sí èyí. Wọ́n ní, ní abúlé Ifo, ẹni tí ó bá dárúkọ ọmọ aládùúgbò rẹ̀ lónìí lè ṣàìrí ilé sùn lọ́la, pé ẹ̀rù a máa di ènìyàn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ẹlẹ́rìí sì lè ṣe àlàyé rẹ̀ fún adájọ́. Síbẹ̀, ó dára lójú wa kí orúkọ tí ó pẹ́ kí ó tó dé ṣòro láti gbà, ju kí a gba orúkọ tí ọ̀rọ̀ ọjà ti bá ni pèsè.

Ẹnìkan lè wí pé Òfin Mósè ti parí ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí ó béèrè ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta. Òfin Nàìjíríà kò tọ ọ̀nà yẹn. Apá 200 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 kò béèrè iye kan pàtó, àyàfi nínú ọ̀ràn díẹ̀, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo sì lè tó láti dá ènìyàn lẹ́bi ìpànìyàn. Ṣùgbọ́n, kí ẹ má bàa sùn, ẹ gbọ́ èyí: òfin kan náà kò gbà kí a dá awakọ̀ lẹ́bi eré àsápajúdé lórí ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo tí ó rò pé eré náà pọ̀ jù. Àwọn awakọ̀ Mowe yóò yọ̀ láti gbọ́ ọ. Ní ti tòótọ́, iye kọ́ ni ó ń gbani. Ẹlẹ́rìí méjì ni ó pa Nábótì. Obìnrin tí ó lé ní mẹ́wàá ni ó tọ́ka sí Beck. Ohun tí ń gbani ni kí nǹkan mìíràn, tí kò ti inú ojú wá, jẹ́rìí pẹ̀lú ojú.

Ẹ rántí àgbàlá olórí àlùfáà. Ọmọbìnrin ìránṣẹ́ kan tẹjú mọ́ Pétérù nínú ìmọ́lẹ̀ iná, ó ní ọkùnrin yìí wà pẹ̀lú Jésù. Òru ni, iná igi ni, àjèjì sì ni Pétérù sí i. Pétérù sẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó dúró níbẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ohùn ará Gálílì ni. Ìbátan ẹni tí a gé etí rẹ̀ sì wí pé òun rí i nínú ọgbà. Ojú ọmọbìnrin náà kò ṣì, ẹ̀rí láti ibòmíràn sì ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Màríà Magdalénì, tí ó mọ Olúwa rẹ̀ ju bí ìránṣẹ́ yẹn ti mọ Pétérù lọ, rí i ní kùtùkùtù òwúrọ̀, ó sì ṣe bí olùṣọ́gbà ni. Ohùn ni ó là á lójú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ wa ní àgbọ́yé, kí ó lọ máa wí pé a ní kí ilé ẹjọ́ máa kọ ẹlẹ́rìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1953, a pa Bisiriyu Apalara, oníwàásù Mùsùlùmí tí ó ń bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ awo wí, ní Èkó. A kò rí òkú rẹ̀ títí di òní. Bí ó bá jẹ́ pé dandan ni kí òkú wà nílẹ̀, kò bá má sí ẹjọ́ rárá. A rojọ́ mọ́ àwọn kan, a dá wọn lẹ́bi, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì fi ọwọ́ sí i ní 1954 pé a lè jẹ̀bi ìpànìyàn láìsí òkú bí ẹ̀rí yòókù bá lágbára tó. Láìsí ẹni tí yóò dìde kí ó sọ ohun tí ó mọ̀, àwọn ìkà yóò máa pa ènìyàn mọ́lẹ̀ lọ láìsí ẹni tí yóò mú wọn.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wá jù lọ kò sí nínú ilé ẹjọ́, níbi tí ìbéèrè wà. Ojú títì ni ó wà, níbi tí ẹnìkan ti ń kígbe pé, "Olè!" tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí kò rí nǹkan kan sì di ẹlẹ́rìí, adájọ́ àti apànìyàn ní ìṣẹ́jú kan. Ní oṣù kẹwàá 2012, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe pa àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Port Harcourt mẹ́rin ní Aluu, lórí ẹ̀sùn olè. Ó di 2017 kí ilé ẹjọ́ tó dájọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tí ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ọlọ́pàá kan sì wà lára wọn. Èyí tí ó tẹ̀lé e ni àṣà àwọn ọlọ́pàá láti máa kó àwọn tí a fura sí jáde fún àwọn oníròyìn kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́rìí tí ó ti rí ojú kan nínú ìwé ìròyìn ní òwúrọ̀ yóò mọ ojú náà lórí ìlà ní ìrọ̀lẹ́, kò sì ní mọ ibi tí ó ti mọ̀ ọ́n. Ìjọba Èkó fi òfin ka àṣà yìí léèwọ̀ ní 2021. Ẹni tí ó bá ti Ibafo lọ sí Èkó fún iṣẹ́ lójoojúmọ́ mọ bí ibẹ̀ ti súnmọ́ wa tó; ó wù wá kí òfin náà wọ ọkọ̀ padà wá pẹ̀lú rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan.

Nígbà tí a ti sọ gbogbo èyí tán, arákùnrin kan dìde ní ẹ̀yìn gbọ̀ngán, ó bi wá pé: bí a bá ja òun lólè ní alẹ́, tí òun sì rí ojú náà nínú ọjà Ifo lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ni kí òun ṣe? A dáhùn pé iṣẹ́ rẹ̀ ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tí a jà á lólè. Kí ó tó bá aya rẹ̀ tàbí aládùúgbò sọ ọ́ di ìtàn, kí ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀: gíga rẹ̀, ohùn rẹ̀, aṣọ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ó wà, àti ohun tí kò rí. Kí ó fún ọlọ́pàá ní irú ọ̀rọ̀ kan náà, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ bí ó ti sọ ọ́. Bí ó bá wá rí ojú náà ní ọjà, kí ó má kígbe. Kí ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ó wí pé òun rí ẹnìkan tí ó jọ ọ́, kí ó sì ní kí wọ́n to ọkùnrin náà sí àárín àwọn tí ó bá a dọ́gba, lọ́wọ́ ọlọ́pàá tí kò mọ èwo ni a fura sí. Arákùnrin náà ní, bí ó bá sá lọ ńkọ́ kí òun tó dé àgọ́? A wí fún un pé ó lè sá lọ lóòótọ́, pé a kò ní oògùn fún ìyẹn, àti pé ọkùnrin tí ó wà ní ọjà náà lè jẹ́ ẹlòmíràn tí ó wá ra iṣu.